Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Tí Wọ́n Fẹ́ Dí Nínú Ilé-Ẹ̀kọ́ Àtijọ́

Nígbà tí wọ́n tẹ́ àwòrán àtúnṣe ilé gígùn àtijọ́ kan nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa sórí tábìlì níwájú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ náà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ojú mi kọ́kọ́ wá lọ, n kò sì rí i. Ayàwòrán ilé ti gbé ògiri síwájú títí dé ibi tí àwọn òpó wà, ó ti fi gíláàsì àti alumíníọ̀mù dí àlàfo àárín wọn láti òkè délẹ̀, ó sì ti ya ẹ̀rọ amúlétutù sára yàrá kọ̀ọ̀kan, kí àwọn yàrá náà lè fẹ̀ kí wọ́n sì tutù fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà. Gbogbo ẹni tó jókòó ló yin iṣẹ́ náà. Èmi náà yìn ín, nítorí pé ó mọ́ lójú, àti nítorí pé n kò tíì mọ ohun tó ń kọ mí lóminú. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìpàdé kí n tó rí ẹnu sọ ọ́.

N kò ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà, nítorí pé àṣìṣe wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, tèmi àti ti ẹlòmíràn, èmi àti àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn sì ṣì jọ ń kí ara wa láràárọ̀. Ìhà gúúsù Kwara ló wà, nínú ilẹ̀ Ìgbómìnà. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni tẹ́lẹ̀, irú èyí tí àwọn òbí wa ti gba ìwé-ẹ̀rí tíṣà Gíréèdì Tuu, kí ìjọba tó fòpin sí irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ilé gígùn tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé ti wà níbẹ̀ kí Nàìjíríà tó gba òmìnira ní ọdún 1960. Amọ̀ ni ògiri rẹ̀, ó nípọn tó sẹ̀ntímítà 45. Òkúta ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Òrùlé páànù rẹ̀ sì sọ̀ kalẹ̀ bo ọ̀dẹ̀dẹ̀ méjì, ọ̀kan ní ìhà àríwá, ọ̀kan ní ìhà gúúsù, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mítà 2.4. Láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, mítà 42 ni. Èmi fúnra mi ni mo fi téèpù wọ̀n ọ́n, ní ọjọ́ Sátidé kan tí kò sí ẹni tó máa bi mí pé kí ni mò ń wá níbẹ̀.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àga tó ti ṣẹ́ ni wọ́n ń kó sínú ilé yìí. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ dá owó jọ, wọ́n ní kí a tún un ṣe, kí a sì kọ́ òmíràn kún un, kí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà lè kúrò nínú kíláàsì méjì tí a há mọ́. Ẹnì kan dábàá pé kí a kúkú wó o, kí a kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì síbẹ̀. Mo dúpẹ́ pé àbá yẹn kò pẹ́ lórí tábìlì, nítorí pé àwọn kan nínú wa kò tíì gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Èkó ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, nígbà tí wọ́n fi katapílà wó Ilojo Bar, ilé tó ti lo ju 150 ọdún lọ, tí ìjọba sì ti kà sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè láti ọdún 1956. Èkó kan náà ló sì sọ ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ tó wà ní Broad Street di Freedom Park ní ọdún 2010, tí àwọn olórin àti àwọn ayàwòrán fi ń pàtẹ iṣẹ́ wọn níbi tí wọ́n ti ń ti ènìyàn mọ́lé nígbà kan rí. A fẹnu kò pé a kò ní wó ilé wa. Ìjà tó kù jẹ́ ti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìmọ́lẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni àṣìṣe tèmi wà. Nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́ àwòrán, wọ́n kọ́ wa pé fèrèsé yàrá ayàwòrán gbọ́dọ̀ kọjú sí àríwá, nítorí pé oòrùn kì í gba ibẹ̀ wọlé, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ a sì máa dúró sójú kan láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Òótọ́ ni, níbi tí òfin náà ti wá. Ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ti Glasgow ní Skọ́tláńdì, tí Charles Rennie Mackintosh ya àwòrán rẹ̀, tí wọ́n sì kọ́ láàárín ọdún 1897 sí 1909, ní fèrèsé ńláńlá tó kọjú sí àríwá, nítorí pé ní ilẹ̀ wọn, ìhà gúúsù ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà jálẹ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n (dígírì) 8 àti ààbọ̀ péré ni Ìlọrin fi wà ní àríwá ìlà tó dá ayé sí méjì, ìlú tiwa kò sì jìnnà sí i. Láti nǹkan bí àárín oṣù Kẹrin títí di òpin oṣù Kẹjọ, ìhà àríwá àtàrí wa ni oòrùn ọ̀sán ń gbà kọjá; ẹni tó bá dúró síta ní ọ̀sán gangan nínú oṣù Kẹfà yóò rí i pé òjìji òun nà díẹ̀ sí gúúsù.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo bẹ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa títí ó fi gbà kí a la fèrèsé ńlá mẹ́rin sára ògiri àríwá kíláàsì wa, ilé búlọ́ọ̀kù kan tí etí òrùlé rẹ̀ kò yọ ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Nígbà ọyẹ́, ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń pe àwọn ẹlẹgbẹ́ mi wá wò ó. Nígbà tó di oṣù Kẹfà, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀, oòrùn gba apá àríwá wọlé, ó sì tẹ́ rẹrẹ sórí ìkòkò àti ọsàn tí mo tò sórí tábìlì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti yà. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan gbójú sókè, ó ní, "Sà, òjìji ìkòkò yìí ti yí padà lẹ́ẹ̀mẹta láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Èwo ni kí n yà nínú wọn?" N kò rí ìdáhùn fún un. A fi kọ́tíìnì bo àwọn fèrèsé náà, kọ́tíìnì ọ̀hún sì wà níbẹ̀ títí di òní. Mo ná owó ilé-ẹ̀kọ́ láti fa ìmọ́lẹ̀ wọlé, mo sì tún ná òmíràn láti lé e jáde.

Ọ̀rọ̀ fèrèsé yẹn ló padà wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo gbé ẹ̀dà àwòrán tuntun náà lọ sílé. Mo jókòó, mo ṣírò. Ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà, nígbà tí oòrùn bá lọ sí àríwá jù, ó máa ń fi nǹkan bí ìwọ̀n 15 yẹ̀ kúrò ní àtàrí wa ní ọ̀sán. Nígbà tó bá di oṣù Kejìlá, ó máa ń yẹ̀ sí gúúsù ní nǹkan bí ìwọ̀n 32. Bí orí fèrèsé bá ga tó mítà 3 sí ilẹ̀, ìbòòji tó fẹ̀ ní mítà 0.8 ti tó láti dí oòrùn ọ̀sán oṣù Kẹfà ní àríwá, ti oṣù Kejìlá ní gúúsù yóò sì gba tó mítà 1.9. Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ oṣù Kẹfà, nígbà tí oòrùn ṣì wà nílẹ̀, ìhà àríwá yóò gba tó mítà 1.7. Mítà 2.4 sì ni àwọn tó kọ́ ilé náà fi sílẹ̀ fún wa. Láàárọ̀ ọyẹ́, oòrùn máa ń kọjá ọ̀dẹ̀dẹ̀ gúúsù wọ yàrá díẹ̀, ẹni tó bá sì ti jókòó ti iṣẹ́ láàárọ̀ ọyẹ́ rí mọ̀ pé kò sí ẹni tó máa bá a jà nítorí ìyẹn.

Nígbà náà ni mo mọ ohun tí àwòrán tuntun náà ṣe. Ó gbé ojú ilé lọ síbi tí oòrùn ti lè bá a, ó fi gíláàsì bo ojú ọ̀hún, ó wá fi ẹ̀rọ amúlétutù wá ìtutù tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti ń fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Bẹ́ẹ̀, iná mànàmáná tí yóò máa gbé ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ kì í bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn ní ìlú wa.

Ìmọ́lẹ̀ nìkan kọ́ ló gbé ọ̀rọ̀ náà sí mi lọ́kàn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ronú nípa ibi tí àwọn oníṣẹ́ ọnà tí mo mọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ní ti gidi. Ẹni tó bá ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ahunṣọ ní Ìlọrin yóò ti rí i pé òfì kò gba àyè púpọ̀, òwú rẹ̀ ló ń gbà á. Òwú tí wọ́n ti ta sílẹ̀ máa ń gùn lọ níwájú ahunṣọ ní ọ̀pọ̀ mítà. Ẹrù wúwo kan, bí òkúta, ló máa ń wà ní ìparí rẹ̀ tó ń fà á le, bí ahunṣọ bá sì ṣe ń hun aṣọ sí ìdí, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù náà yóò máa wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Kíláàsì wa tó gùn jù kò ju mítà 9 lọ. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tó ń kọ́ iṣẹ́ òfì ti fi odidi sáà kan hun aṣọ òkè tí ìdajì òwú rẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà jáde síta, tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ń fò ó kọjá. Ní ọjọ́ kan, ewúrẹ́ kò fò ó. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi tú òwú náà. Nínú gbogbo ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ni ibi kan ṣoṣo tó gùn, tó tẹ́jú, tó ní òrùlé, tí ahunṣọ mẹ́ta lè ta òwú sí ní ìlà kan láìdí ara wọn lọ́wọ́.

Ti àwọn agbẹ́gilére náà kò yàtọ̀. Kò sí ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ igi ní apá ọ̀dọ̀ wa tí kò gbọ́ nípa Arówóògún ti Ọ̀sí, ìlú tí àwọn ènìyàn ń pè ní Ọ̀sí-Ìlọrin, ẹni tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti wọ ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé lókè òkun. Bándélé, ọmọ rẹ̀, wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì lọ́dọ̀ Fáàdà Kevin Carroll, ní ibi iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1947, ọ̀dọ̀ Bándélé sì ni Lámídì Fákẹ́yẹ ti Ìlá-Ọ̀ràngún ti kọ́ṣẹ́. Igi tútù ni irú àwọn agbẹ́gilére bẹ́ẹ̀ máa ń gbẹ́. Bí oòrùn bá pa igi tútù, yóò sán, bí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ bá sì ń fẹ́ sí i lójú kan, yóò sán pẹ̀lú, nítorí náà ibòòji ni wọ́n máa ń wá. Láti ọnà lílé, nígbà tí wọ́n ń fi àáké wá ìrísí ère jáde láti inú ìtì igi, títí dé fínfín, nígbà tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ fín ojú, irun àti ilà, wọ́n nílò ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ẹ̀gbẹ́ wá, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ tó bá ti òkè sọ̀ tààrà máa ń pa ojú fínfín rẹ́. Iná gílóòbù tó rọ̀ sí àárín àjà kíláàsì wa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ lápá kan, tí ògiri sì wà lápá kejì, ló ní irú ìmọ́lẹ̀ tí mò ń wí. Mo tún ti kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Èsìẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, sí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí ní ọdún 1945, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, láti ya àwọn ère òkúta ibẹ̀ tó ju 800 lọ; ohun kan náà ni mo máa ń sọ fún wọn, pé kí wọ́n wá ẹ̀gbẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ti ń gbá ère kí wọ́n tó jókòó.

Mo kọ gbogbo èyí sínú lẹ́tà olójú ewé mẹ́rin sí ìgbìmọ̀. Alága wa, tó jẹ́ àgbàlagbà tó kàwé nínú ilé náà nígbà èwe rẹ̀, kà á tán, ó ní, "Tíṣà, ọ̀rọ̀ òfì yìí yé mi. Ìyá mi hun aṣọ kí n tó lè rí owó ilé-ìwé san." Mo rò pé gbólóhùn yẹn ṣe ju ìṣirò mi lọ.

Ọ̀rọ̀ ògiri ló kù. Kí a tó dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ rárá, agbaṣẹ́ṣe kan ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ògiri ìwọ̀-oòrùn ilé náà láti òkè délẹ̀, wọ́n sì ti fi ọ̀dà funfun kùn ún. Ọdún méjì ló fi dára. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí wú bí ikùn, ó lanu, ní òru ọjọ́ kan tí òjò ńlá rọ̀, odidi ìrẹ́ náà ṣí wálẹ̀, ó sì bá amọ̀ ògiri lọ. Wọ́n pe bíríkìlà àgbà kan wá láti ìlú kejì, ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó fi èékánná há ibi tó ṣí náà, ó gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀, ó wá kọjú sí mi. "Tíṣà, amọ̀ máa ń làágùn. Ẹ wá wọ aṣọ ọ̀rá fún un."

Àlàyé rẹ̀ rèé, bí mo ṣe lóye rẹ̀, bí mo sì ṣe rí i pé ó bá ohun tí mo kà mu. Ògiri amọ̀ máa ń fa omi láti inú ilẹ̀ àti láti ara òjò tó ta sí ìdí rẹ̀, ó sì máa ń tu omi náà dànù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Sìmẹ́ǹtì le ju amọ̀ lọ, kì í sì jẹ́ kí omi inú amọ̀ rí ọ̀nà jáde dáadáa. Bí ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ kan bá ti là lára sìmẹ́ǹtì, òjò yóò gba ibẹ̀ wọlé, kò sì ní rí ibi gbà jáde mọ́. Amọ̀ yóò wú nígbà òjò, yóò sì sún kì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn; sìmẹ́ǹtì kò ní bá a wú, kò ní bá a sún kì, àwọn méjèèjì yóò sì já ara wọn jù sílẹ̀. Nǹkan bí mílímítà 1,200 òjò ló ń rọ̀ ní àgbègbè Ìlọrin lọ́dún. Ohun tó gba ilé wa lọ́wọ́ òjò náà láti ọjọ́ yìí wá ni òkúta tó wà nísàlẹ̀ àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ògiri ìwọ̀-oòrùn kò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òun náà ló ń dààmú wa.

Bàbá bíríkìlà ní kí a po amọ̀ pupa tí a ti jọ̀ pẹ̀lú yanrìn àti koríko gígé, kí a tẹ̀ ẹ́, kí a fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, kí a tún tẹ̀ ẹ́, kí omi tí a ó fi pò ó sì jẹ́ omi tí a fi èèpo èso igi irúgbá sè, tó pupa, tó sì ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Mo ti mọ omi yẹn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n níbòmíràn ni. Ní Òkèlele ní Ìlọrin, níbi tí mo máa ń lọ wo àwọn amọ̀kòkò, mo ti rí Àlhájà kan tó fi igi gígùn gbé ìkòkò tó ṣì gbóná láti inú iná, tó sì da irú omi bẹ́ẹ̀ sí i lára. Èéfín gbalẹ̀, ìkòkò náà sì jáde pẹ̀lú àwọ̀ dúdú tó ń dán. Mo bi í nígbà náà pé, "Ìyá, ẹwà ni ẹ ń wá?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹwà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí ìkòkò má baà máa jò ni. N kò fi ọkàn so ìkòkò pọ̀ mọ́ ògiri rí títí di ọjọ́ tí bíríkìlà yìí bẹ̀rẹ̀ sí sọ ohun kan náà fún mi.

Síbẹ̀, n kò fẹ́ fi ìfẹ́ ohun àtijọ́ nìkan ṣe ìpinnu. A rẹ́ àpẹẹrẹ mẹ́rin sára ògiri ìwọ̀-oòrùn: ọ̀kan jẹ́ amọ̀ àti koríko nìkan, ọ̀kan ní omi èèpo irúgbá, ẹ̀kẹta ní sìmẹ́ǹtì ìwọ̀n 6 nínú 100, ẹ̀kẹrin jẹ́ sìmẹ́ǹtì àti yanrìn bí ti tẹ́lẹ̀. A fi wọ́n sílẹ̀ fún òjò ọdún kan. Èyí tó jẹ́ amọ̀ nìkan wọ́ dànù ní ìsàlẹ̀. Ẹ̀kẹrin bẹ̀rẹ̀ sí ró gbokogboko nígbà tí a gbá a, èyí tó fi hàn pé ó ti yà kúrò lára ògiri. Èkejì àti ẹ̀kẹta dúró. Èkejì ni a yàn fún ògiri àtijọ́, pẹ̀lú àdéhùn pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa tún un kùn lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ẹ̀kẹta sì kọ́ wa bí a ó ṣe ṣe búlọ́ọ̀kù amọ̀ fún ilé tuntun. A tún ń kọ́ àgbékún òrùlé kékeré sórí ògiri ìwọ̀-oòrùn náà, kí òun náà lè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fẹ̀ ju mítà kan lọ.

Ilé tuntun ọ̀hún wà lẹ́yìn ti àtijọ́, ní ìhà gúúsù, ó sì rẹlẹ̀ jù ú lọ, kí ẹni tó bá ti ojú ọ̀nà wá má baà rí i ṣáájú. Ayàwòrán ilé ti kọ́kọ́ fẹ́ kí ògiri rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ti àtijọ́. A bẹ̀ ẹ́ kó má ṣe é. Ògiri tuntun yóò jókòó sílẹ̀ fún ọdún mélòó kan kó tó fìdí múlẹ̀, ògiri àtijọ́ ti jókòó tán. Bí a bá so wọ́n pọ̀, ọ̀kan yóò fa èkejì ya. Ọ̀nà tí a fi òrùlé bò, tí kò ní ògiri, ló so méjèèjì pọ̀. Mo gbọ́dọ̀ sọ pé ayàwòrán ilé náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọṣẹ́, kò bínú sí wa. Nígbà tó rí àwọn ìṣirò oòrùn, ó padà wá pẹ̀lú àwòrán kejì tó dára ju ohun tí èmi ìbá yà lọ, inú rẹ̀ ni èrò ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ yẹn sì ti wá.

Àwọn amọ̀kòkò ni ilé tuntun wà fún jù, nítorí pé amọ̀ tútù wúwo, eruku amọ̀ gbígbẹ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, kò sì yẹ kí ó máa fẹ́ bá àwọn tó ń fi ọ̀dà olóróró ya àwòrán. Omi tí wọ́n fi ń fọ ọwọ́ àti irinṣẹ́ ń gba inú kòtò oníyàrá mẹ́ta kọjá, kí amọ̀ lè rọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ kí omi tó bọ́ sí gọ́tà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gọ́tà náà yóò dí láàárín sáà kan. Ibi tí iléru yóò wà ni a jiyàn lé lórí jù. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń ti ìlà-oòrùn-àríwá wá, ti àsìkò òjò ń ti ìwọ̀-oòrùn-gúúsù wá. Bí iléru bá wà ní ìwọ̀-oòrùn-gúúsù, èéfín rẹ̀ yóò máa fẹ́ bá wa nígbà òjò, ṣùgbọ́n nígbà ọyẹ́, tí gbogbo nǹkan gbẹ, tí ẹ̀ta-iná kékeré lè jó òrùlé, afẹ́fẹ́ yóò máa gbé e lọ kúrò lọ́dọ̀ wa. A fara mọ́ èéfín.

Ìbẹ̀rù iná yìí kò ṣẹ̀yìn Glasgow tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Ilé tí a ń fi fèrèsé rẹ̀ kọ́ni jóná ní ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún ọdún 2014, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń múra ìpàtẹ iṣẹ́ wọn sílẹ̀. Bí wọ́n sì ṣe ń tún un ṣe lọ́wọ́, ó tún jó ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà ọdún 2018, èyí sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nítorí náà a kọ ọ́ sínú àdéhùn pé kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ jó irin pọ̀ nítòsí òrùlé àtijọ́ láìsí ẹni tí yóò dúró tì í pẹ̀lú omi, pé ẹni náà yóò sì dúró fún wákàtí kan lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí. Àwọn òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹlẹ́ẹ̀kejì tí inú mi kò dùn sí ni ti àjà: wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí fi òlùlù fọ́ àwọn páálí àsìbẹ́sítọ́ọ̀sì, tí eruku rẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró, tí wọ́n fi ṣe àjà yàrá méjì kí a tó dé ibẹ̀, láìfi omi rin ín, láìbo imú. A dá iṣẹ́ dúró fún ọjọ́ méjì. Èyí tó kù, a fi omi rin ín, a tú ìṣó rẹ̀, a gbé e sọ̀ kalẹ̀ ní odidi, a dì í sínú ọ̀rá, a sì rì í mọ́lẹ̀.

N kò borí nínú gbogbo rẹ̀. Wọ́n dí ìpẹ̀kun ìlà-oòrùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ gúúsù, tó tó mítà 6, fún yàrá kọ̀ǹpútà àti ọ́fíìsì olórí ẹ̀ka, ó sì ní ẹ̀rọ amúlétutù kan. Kọ̀ǹpútà kò fẹ́ eruku, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń gba ibẹ̀ kọjá, ojú mi máa ń yà sí i, bí ẹni tí eyín rẹ̀ kan ti yọ tí ahọ́n rẹ̀ kò yé lọ síbẹ̀.

Ikán ti jẹ mọ́kànlá nínú àwọn òpó àríwá, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà sì ń fi igi apá rọ́pò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo dé ibẹ̀ láàárọ̀, mo bá akẹ́kọ̀ọ́ tí ewúrẹ́ ba òwú rẹ̀ jẹ́ nígbà kan, tó ti gbé òfì rẹ̀ sí ẹ̀bá ìlẹ̀kùn kejì láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ti ta òwú rẹ̀ gbọọrọ dé ìdí òpó karùn-ún, ó sì ti fi òkúta ìpìlẹ̀ kan tó ṣẹ́kù fà á le. Olórí gbẹ́nàgbẹ́nà ní kó kó o kúrò, òpó kẹta ló kàn láti yọ. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jẹ́ kí n hun èyí tán." Ọkùnrin náà wo òwú náà lọ, ó wò ó bọ̀, ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó sì lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ìpẹ̀kun kejì.